Ìgò Ọ̀kín Nínú Apẹ̀rẹ̀ Obì

Lọ́fínńdà kan ṣoṣo ni ìyá mi fẹ́ràn láyé. Bàbá mi ló rà á bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, nínú ìgò tí wọ́n ṣe bí ọ̀kín tó na ìrù. Orí ẹyẹ náà ni ìdérí rẹ̀. Nígbà tó ku ìdajì, bàbá mi kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì wà lọ́hùn-ún pé kó bá òun wá òmíràn. Ọ̀rẹ́ náà fèsì pé wọn ò ṣe é mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti gbé e sínú àpótí aṣọ, kò fi í lọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá mọ́. Ó máa ń bí mi nínú. Àbí ta ní ń ra òórùn dídùn fún àpótí?

Obì gbànja ni ìyá mi ń tà. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù, la ti ń bó o, tí a ń ṣà á, tí a ń fi ewé gbòdògì tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí a tó dà á sí i. Obì a máa fa òórùn mọ́ra, nítorí náà kẹrosíìnì àti ẹja kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn. Àlájì tó ń rà á ní Sábó máa ń tú apẹ̀rẹ̀ gbogbo èèyàn wò, àfi ti ìyá mi. Iyì rẹ̀ nìyẹn láàárín àwọn olóbì, ó sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, nígbà tó ku díẹ̀ kí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ìyá mi wà nídìí ààrò, mo sì yọ ìgò náà. Yàrá obì ni oòrùn ti ń wọlé jù, ibẹ̀ ni mo gbé e lọ, tí mo ń wo bí ìrù ọ̀kín náà ṣe ń tàn. Ni mo bá gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀. Mo ki ìgò náà bọ abẹ́ obì nínú apẹ̀rẹ̀ kan tí kò tíì kún. Mo rò pé ìyá mi yóò tètè jáde. Kò jáde. Ó da obì kún apẹ̀rẹ̀ náà, ó fi ewé bò ó, ó sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Èmi gan-an ni mo di okùn mú fún un.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bí a ṣe ń lọ sí Sábó, òórùn náà ti ń jáde. Ìyá mi bi mí bóyá mo fọwọ́ kan lọ́fínńdà òun. Mo ní rárá.

Alààrù tó gbé apẹ̀rẹ̀ náà rù ló kọ́kọ́ ní ó ń ta sánsán. Àwọn olóbì yòókù yíjú sí wa. Àlájì rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa gbé e lọ sínú ọkọ̀. Ká ní ó parí síbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ikú yá ju ẹ̀sín lọ lójú ìyá mi.

"Ẹ tú u," ló wí.

"Ìyá, èmi kì í tú ẹrù yín."

"Ẹ tú u, Àlájì. Lójú gbogbo wọn."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá mi ni mo sá sí. Àlájì fi ọ̀bẹ gé okùn, ó ki ọwọ́ bọ inú obì, ó sì fa ọ̀kín jáde láìlórí. Inú ìgò ti gbẹ. Ó gé obì kan jẹ, ó tu ú dà nù. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní àṣé lọ́fínńdà ni wọ́n fi ń bo òórùn obì tó ti jẹrà.

Ìyá mi wò mí. Mo wolẹ̀. Ó lè sọ pé ọmọ òun ló ṣe é, kò sọ ọ́. "Ìgò mi ni," ló wí, ó sì gbà á lọ́wọ́ Àlájì. Nígbà tí a délé, kò nà mí. Ì bá nà mí, ì bá sàn fún mi.

Nígbà tí a tún kó obì lọ, Àlájì kí i bó ṣe máa ń kí i, ó béèrè àlàáfíà bàbá mi, ó wá dúró síwájú àwọn apẹ̀rẹ̀ wa bí ẹni tí ojú ń tì láti tú wọn. Ìyá mi kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Àlájì.