Ọkọ̀ Tí A Sá Bíi Kòkó

Títí di òní olónìí, bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà tútù lára ilé tàbí lára ọkọ̀, n kì í lè dúró níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kun ilé, wọ́n á kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí n kò ní sí nílé. Wọ́n rò pé òórùn ọ̀dà ò bá àyà mi mu ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyà. Ìríra ni, àti ìtìjú, mo sì ti ń gbé méjèèjì kiri láti ìgbà tí mo jẹ́ tíṣà kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, nígbà tí kòkó ń pa owó, tí òmìnira ò tíì dé.

Ìlú wa wà lójú ọ̀nà tó ti Ìkéré lọ sí Emùrè. Ilé wa wà lápá ìhín odò, kòkó wa wà lápá ọ̀hún. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi náà ò ju orúnkún lọ. Èèyàn á ká aṣọ sókè, á sọdá, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kòkó kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tí òjò ìkẹyìn bá kún odò dé etí ni kòkó ń pọ́n, ìgbà náà la sì gbọ́dọ̀ rù ú sọdá. Igi ńlá kan tó wó dábùú odò la ń gbà, igi tó ń yọ̀ bí ilá. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni yèyé mi ti ń fi ẹsẹ̀ gba orí igi yẹn pẹ̀lú ẹrù kòkó lórí. Lọ́dún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀. Ẹ̀ka igi kan ló fi aṣọ ẹ̀ kọ́ tí omi ò fi gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá ku ọ̀la kó lọ sóko ní ìgbà òjò, kò ní lè jẹun. N kò mọ̀ ọ́n mọ́ ẹ̀rù ohun mìíràn láyé, àfi odò yẹn.

Òyìnbó kan wà nígbà náà tó ń gé gẹdú nínú igbó ìsàlẹ̀ odò. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan tó fi ń ṣe fàájì. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ ṣòkòtò péńpé, á mú ìgò rẹ̀ dání, á jókòó sínú ọkọ̀ náà, á máa lọ á máa bọ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ọkọ̀ ọ̀hún gùn tó lọ́rì, ó ní yàrá kékeré láàárín, ó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Nígbà tí gẹdú tán, òyìnbó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, ó ta ara ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó ìlú wa. Ọkọ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n èrò wa dára. A ó tún un ṣe láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ẹ̀ẹ̀rùn. A ó na okùn gbọọrọ dábùú odò, a ó máa fi fà á lọ fà á bọ̀. Kí òjò ìkẹyìn tó dé, àwọn ìyá wa á ti bọ́ lọ́wọ́ igi yíyọ̀.

Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, torí èmi ni mo mọ̀wé kọ. Alága wa jẹ́ àgbà ìjọ, oko kòkó tirẹ̀ ló sì tóbi jù. Yèyé mi ló kọ́kọ́ dá owó. Ó tú u nínú kókó aṣọ rẹ̀, ó kà á sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n kọ orúkọ òun sókè pátápátá. Kò mọ̀wé, èdè ìlú wa nìkan ló ń sọ, n kò sì gbàgbé ohun tó wí.

“Bó bá jẹ́ ùwọ lo kọ ọ́,” ó ní, “ẹ̀rù á kúrò níkùn mi.”

Ará Ìlàjẹ kan wà tó ti bá òyìnbó ṣiṣẹ́, tí kò tíì padà sílé. Orí omi ni wọ́n bí i sí. Mo pè é wá wo ọkọ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi ìka kan pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Nígbà tó jáde, ó ní pátákó méjì ti jẹrà lábẹ́, ká pààrọ̀ wọn. Ó ní ká fi òwú dí gbogbo ojú ìránpọ̀, ká fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń dà sí títì lé e lórí. Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni pé ká má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ gbẹ. Ká gbé e sábẹ́ igi, ká fi ewé bò ó, ká máa bu omi sí i ní àràárọ̀ títí odò á fi kún, nítorí pátákó tó bá gbẹ á súnkì, ojú ìránpọ̀ á sì là. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á ná wa. Inú mi dùn sí ìwé yẹn. Ọwọ́ mi ò tíì kọ ohun tó mọ́ tó o rí.

Ẹ wá wo ìpàdé. Ibi tí mo ka “kí ọkọ̀ má gbẹ” dé ni ẹ̀rín ti bú. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ẹni tí kì í ṣe oníkòkó lè má mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá tutù ti bàjẹ́. Kòkó tí kò bá gbẹ á bu. Ẹni tó ń yẹ kòkó wò á fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀, á rí funfun inú ẹ̀, á sì dà á nù lójú gbogbo ọjà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà wá nítorí kòkó tí òjò pa. Kí àlejò kan wá dìde, kó ní kí àwọn àgbà wa máa bu omi sí ohun tí wọ́n fowó rà? Alága ní a ti mọ bí wọ́n ṣe ń sá nǹkan kí wọ́n tó bí baba ará Ìlàjẹ. Wọ́n pinnu pé a ó sá ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la sá a. Mi ò fi iyọ̀ sí i o. A gbé e sórí òpó ní gbangba, níbi tí oòrùn ti ń mú jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí a ń sá kòkó sí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin ẹgbẹ́ á pé jọ, wọ́n á yí i padà kí inú àti ẹ̀yìn lè gbẹ dọ́gba. Bí ìkùukùu kékeré bá ṣú, wọ́n á sáré lọ fi páànù bò ó. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ fẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa pé oṣù méjì, mo ki kọ́bọ̀ kan bọ àárín pátákó méjì, kọ́bọ̀ náà sì jábọ́ sódì kejì. Alága fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó ní ó ti ń dára.

Àbẹ̀wò ló wá pa wá. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í pe àgbà wá wo iṣẹ́ kó má gbé oúnjẹ sílẹ̀, àwọn àgbà wa sì ń wá wo bí ọkọ̀ ṣe ń gbẹ ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Iyán, ẹran ìgbẹ́, ẹmu. Wọ́n á jókòó sí òjìji ọkọ̀, wọ́n á jẹ, epo á máa ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ wọn, wọ́n á fi ọwọ́ náà nu ara pátákó, wọ́n á ní iṣẹ́ ń lọ. Inú ìwé ìṣirò tí mo kọ mọ́ tónítóní yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń wọ̀. Ìtọ́jú àwọn olùbẹ̀wò ni wọ́n ní kí n pè é. Ṣíọ̀. Egungun tí wọ́n jù sílẹ̀ ń rùn, eṣinṣin bò ó, ibẹ̀ náà ni mo ń jókòó kọ̀wé. Mo ń wo ẹnu wọn bó ṣe ń lọ sókè lọ sílẹ̀, mo ń rántí kókó aṣọ yèyé mi, gbogbo wọn wá ń rí mi lára débi pé n kì í lè jẹun bí mo bá délé.

Nígbà tó yá, owó ò tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan tuntun ń wọlé. Alága fẹ́ ìbòrí, nítorí oòrùn. Ó fẹ́ àga onítìmùtìmù pupa kan níwájú, nítorí ipò rẹ̀. Ó fẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ ìpàdé tó kẹ́yìn, ó gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi hàn òun ibi tí mo kọ pátákó méjì, òwú àti ọ̀dà títì sí. Mo fi hàn án.

“Fagi lé wọn,” ó ní. “Ta ló ń wo abẹ́ ọkọ̀?”

Ará Ìlàjẹ wà ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó fún un láyè kó sọ̀rọ̀.

“Omi ló ń wò ó, bàbá,” ó dáhùn.

Wọ́n ní kó jáde. Ẹnì kan pa á lówe pé àìfàgbà fẹ́nìkan ni ò jẹ́ káyé ó gún. Bó ṣe ń lọ, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn, èmi ló wò. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Mo sì mọ̀ lóòótọ́. Èmi kọ́ ni mo ki kọ́bọ̀ bọ àárín pátákó? Ṣùgbọ́n mo ti kọ̀wé pé mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà àgbà, alága yìí ló sì máa fọwọ́ sí i lórúkọ ìjọ. Mo mú gègé, mo tì í bọ inú tàdáwà pupa, mo fagi lé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi rúlà fà á kó lè gún. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: mo fi rúlà fà á.

Òjò ìkẹyìn dé. Káfíńtà tó ń kan òrùlé àti pósí ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ó ki àkísà bọ gbogbo ibi tó là, ó kun ọ̀dà lé e lórí, pupa, funfun àti àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ dán. Òórùn ọ̀dà gba gbogbo ìlú. Lọ́jọ́ tí a máa gbé e sómi, wọ́n gbàdúrà gígùn, alága jókòó sórí àga rẹ̀, ayàwòrán tó ti Ìkéré wá ya á nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní dídè mọ́ èbúté. Bí wọ́n ti ya á tán, ó ní orúnkún ń dun òun, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sọdá. Nínú gbogbo àwọn tó jẹun lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó sọdá. Àwọn obìnrin ló wọ̀ ọ́.

Yèyé mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan létí omi.

“Ùwọ lo kọ ọ́?” ó bi mí.

“Èmi ni, yèyé.”

“Abẹ́ ẹ̀ ń kọ́?”

“Ó dára,” mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ ọkọ̀.

Àlọ ò burú. Omi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi igbá gbọ́n ọn, wọ́n ní ọkọ̀ ń làágùn ni. Àbọ̀ ni àpò kòkó wọ̀ ọ́. Láti èbúté tí mo dúró sí, mo ń wo bó ṣe ń rẹlẹ̀. Nígbà tó dé àárín odò, ọ̀dà tó bo ojú ìránpọ̀ ya, àkísà sì ń tú jáde bí ìfun ẹran. Kò pariwo. Ọkọ̀ kàn rọra jókòó sínú omi pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ̀. Mo rí gèlè yèyé mi lójú omi, n kò rí orí ẹ̀.

Ará Ìlàjẹ ló gbà wọ́n. Láti òwúrọ̀ ló ti so ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é, ó kàn ń dúró dè wá ni. Àwọn obìnrin tó di okùn mú, ó já wọn gbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Yèyé mi ti jẹ́ kí okùn bọ́. Ará Ìlàjẹ bẹ́ sómi, ó fa aṣọ ẹ̀, ó gbé e wá. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n kòkó lọ sísàlẹ̀ odò, gbogbo èyí tí yèyé mi ká lọ́dún náà sì wà níbẹ̀. Àga onítìmùtìmù pupa nìkan ló léfòó. Bí yèyé mi ti ń pọ omi sórí koríko lẹ́sẹ̀ mi, mo gbọ́ ohùn alága lẹ́yìn wa. Ó ń rán ọkùnrin méjì pé kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ mú àga wá kí omi tó gbé e lọ.

Nígbà tí a tún pàdé, wọ́n rò ó lọ, wọ́n rò ó bọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ náà ò gbẹ tó ni. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Alága fọwọ́ sí ìwé mi, mo sì lọ. Yèyé mi ò bá mi wí, kò fi mí sùn fún ẹnikẹ́ni. Ó padà sórí igi yíyọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù tó wà níkùn ẹ̀. Mo ń kọ lẹ́tà sí i lóṣooṣù láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyàwó kátíkíìsì ìjọ wa ló sì ń kà á fún un.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún sí i, lẹ́yìn ìsìnkú yèyé mi, obìnrin yìí kó àwọn lẹ́tà náà fún mi nínú agolo kan. Ó ní nǹkan kan wà tí kò yé òun látọjọ́ yìí. Ó ní bí òun bá ti ka lẹ́tà tán, pé àlàáfíà ni mo wà, pé mo yege, pé mo ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, yèyé mi á gba ìwé náà, á yí i padà, á wo ẹ̀yìn ẹ̀. Lẹ́yìn náà á wá béèrè ohun kan ṣoṣo, kò sí ìgbà kan tí kò béèrè ẹ̀: “Abẹ́ ẹ̀ ń kọ́?”

Ìyàwó kátíkíìsì bi mí pé kí ni màmá ń sọ. Mo ní n kò mọ̀.