Ìwé Tí Mo Bá Bàbá Fáìlì Kọ

Òórùn fúláwà ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé ibi iṣẹ́ ní Àpápá láyé ìgbà yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ àlìkámà wà lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Bí mo bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti Ajégúnlẹ̀, òórùn yẹn ló máa kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀, kí èéfín àwọn tírélà tó wá bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn yàrá fáìlì, gbogbo ìyẹn á pòórá. Òórùn bébà àtijọ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kàfúrà tí Bàbá Fáìlì máa ń dà sí ìdí pákó tí wọ́n to fáìlì sí nítorí aáyán. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn kàfúrà nínú àpótí aṣọ ẹnikẹ́ni, àyà mi á kọ́kọ́ já ná.

Bàbá Fáìlì kì í ṣe orúkọ wọn, àwa la sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba la jọ ń ṣe, wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó gbà mí, ọwọ́ wọn sì ni fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Tí ọ̀gá bá ń wá fáìlì ẹnì kan, wọn ò ní wo orúkọ tó wà lára rẹ̀ rárá. Wọ́n á kàn fọwọ́ tọ pákó náà lọ, wọ́n á fa ọ̀kan yọ, òun náà ló máa jẹ́. A máa ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi ló mọ̀ wọ́n, ojú ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀." Ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ, àwa la ò mọ̀.

Ọjọ́ tí àṣírí tú sí mi lọ́wọ́, ìwé kan ni mo gbé fún wọn pé kí wọ́n kà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n gbà á, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn. Ìwé ọ̀hún dorí kodò. Mo fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ ti dorí ìwé kodò o." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n wá jókòó.

"Ìyá Ìbejì, ojú mi ti ń lọ," ni wọ́n wí. "Ibi tí mo bá tẹjú mọ́ gan-an ni mi ò ní í rí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á lé mi. Jọ̀ọ́, bò mí láṣìírí."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì mi, tí mò ń sùn lórí ìjókòó, mo sọ lẹ́tà pàtàkì kan nù. Bàbá Fáìlì ló lọ sọ fún ọ̀gá pé àwọn ni àwọn ṣì í gbé. Ìwé ìkìlọ̀ tó yẹ kó jẹ́ tèmi, inú fáìlì tiwọn ló wọ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni màá wá sọ fún pé rárá? Ká má rí i! Nílé wa, wọ́n kọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í tú àṣírí ẹni tó bo tiẹ̀.

Bí mo ṣe di ojú fún wọn nìyẹn. Tí ìwé bá dé, màá sún mọ́ wọn bí ẹni tó fẹ́ ṣòfófó, màá kà á sí wọn létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tiẹ̀ ń pè wá ní olófòófó méjì, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Rẹ́jísítà ńlá kan wà tí wọ́n ń kọ gbogbo fáìlì tó bá jáde àti èyí tó bá wọlé sí, ọwọ́ Bàbá nìkan ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Mo fi ìkọ̀wé wọn dánra wò lẹ́yìn bébà, bí wọ́n ṣe ń fa ìrù lẹ́tà g gùn, bí nọ́ńbà méje wọn ṣe máa ń dùbúlẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, títí tí èmi gan-an ò fi mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo fi bá wọn kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ọdọọdún ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìlera òṣìṣẹ́? Èmi náà ni mò ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí àìsàn kankan. Mo ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ibi iṣẹ́ wa, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ibẹ̀ á sọ fún ọ̀gá. Oògùn ojú tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì ní Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń kán sójú. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, inú mi ń dùn nígbà yẹn. Mo rò pé èèyàn gidi ni mí.

Ọjọ́ Ajé kan ni a bá ìwé lára ògiri pé ìjọba fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹni tí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ bá ti tó lè fẹ̀yìn tì fúnra rẹ̀ kí àsìkò tó tó, pẹ́ńṣọ̀n á máa tẹ̀ lé e lóṣooṣù. Ẹni tí àìlera ò bá jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí ìgbìmọ̀ tí dókítà wà nínú rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i, òun náà á gba pẹ́ńṣọ̀n. Àwọn tó kù tí orúkọ wọn bá jáde, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó dàbọ̀. Mo ka ìwé náà sí Bàbá Fáìlì létí, wọ́n ní kí n tún un kà. Àwọn ọdún tí wọ́n fi ṣe lébírà kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé tán ò wọ ìṣirò, torí náà ọdún wọn ò tó. Ọ̀nà dókítà nìkan ló kù. Tí ìyẹn bá dí, wọ́n á lọ sílé láìsí pẹ́ńṣọ̀n, láìsí ojú tí wọ́n á fi wá iṣẹ́ mìíràn, àbígbẹ̀yìn wọn sì ṣì wà ní yunifásítì.

Wàyí o, ìwọ náà mọ àwa èèyàn wa. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ẹtì, tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ó ti ń tiro. Akọ̀wé kan so bẹ́líìtì mọ́ ẹ̀yìn pé ẹ̀yìn ń dun òun, ó gbàgbé, ó sáré gun àtẹ̀gùn lójú ọ̀gá. Nígbà tó fi máa kan Bàbá Fáìlì, ìgbìmọ̀ ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa kó fáìlì wọlé fún ìgbìmọ̀, torí náà mo wà níbẹ̀. Madam tó jẹ́ alága ka ìwé tí wọ́n fún Bàbá nílé ìwòsàn ojú lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni Madam ṣí fáìlì, tó wá ṣí rẹ́jísítà.

"Bàbá, fáìlì yín ò sọ pé ojú dùn yín rí. Ta ló wá kọ eléyìí lánàá, tó gún régé báyìí?"

Mo rò pé wọ́n á dárúkọ mi. Bàbá Fáìlì gbé ojú sókè sí ibi tí ohùn náà ti wá, wọ́n ní, "Èmi ni, mà."

Èmi ńkọ́? Mo dúró síbẹ̀, mo di fáìlì mọ́ àyà. Àwọn ìbejì mi ṣì wà ní praimárì, èmi náà ò fẹ́ kí orúkọ mi jáde. Madam ní kí Bàbá padà wá lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn á bá ti àwọn tó ń lọ. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo yà sí ilé wọn ní Olódì. Télọ̀ ni ìyàwó wọn, wọ́n ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dìde nídìí máṣíìnì, wọ́n sì kúnlẹ̀. Obìnrin tó lè bí mi! Mo pariwo, "Ẹ dìde, mà! Ẹ má pa mí!"

"Jẹ́ n dúpẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Bàbá ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ, pé o ti bo àwọn láṣìírí tó. Ọlọ́run á bo tìẹ náà."

Àdúrà yẹn gún mi bí ẹ̀gún. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló ń lé ọkọ wọn lọ láìní nǹkan kan lọ́wọ́, wọ́n sì wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú bí mi sí ara mi. Inú tiẹ̀ bí mi sí Bàbá náà, àwọn àti inú rere wọn. Mi ò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi.

Lọ́jọ́bọ̀, kí Bàbá tó jókòó dáadáa, mo ti gbé fáìlì sílẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ rẹ́jísítà yẹn."

Madam wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìwọ báwo?"

"Ẹ fún mi ní bíírò, mà." Mo kọ ìlà kan lójú wọn, g onírù gígùn, méje tó dùbúlẹ̀. Dókítà gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ́jísítà, ó wò ó títí.

"Ṣé o mọ ohun tó o ṣe yìí?" ni Madam bi mí.

"Mo mọ̀, mà. Ẹ fìyà ẹ̀ jẹ mí. Àmọ́ Bàbá ò ríran."

Dókítà wá na bíírò sí Bàbá pé kí àwọn náà kọ ìlà kan. Wọ́n kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń gorí ara wọn, bíírò sì rìn kúrò lórí bébà, ó ń kọ̀wé lọ lórí tábìlì, Bàbá ò mọ̀. Nígbà tí ọwọ́ wọn kan igi etí tábìlì, wọ́n dúró, omi sì dà lójú wọn.

Wọ́n fún Bàbá ní pẹ́ńṣọ̀n. Èmi gba kúẹ́rì, wọ́n gbé mi kúrò ní yàrá fáìlì, àwọn ẹgbẹ́ mi gba ìgbéga, tèmi dúró sójú kan. Kí ọjọ́ yẹn tó parí, gbogbo ibi iṣẹ́ ti gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dì mí mú: "So Baba no dey see since? And na him dey first greet me every morning!" Ohun tí Bàbá ń sá fún gan-an nìyẹn, pé kí wọ́n máa fi ojú wọn sọ̀rọ̀. Mo kí Bàbá, wọn ò dáhùn. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n lọ sílé, wọn ò dágbére fún mi. Ó dùn mí o, mo sunkún, ìbejì mi kan ń bi mí pé ta ló nà mí.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí ìyàwó wọn tó pè mí pé Bàbá fẹ́ rí mi. Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ará ilé jókòó káàkiri, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Bàbá mọ ìró ẹsẹ̀ mi kí n tó sọ̀rọ̀. "Ìyá Ìbejì, ìwé pẹ́ńṣọ̀n dé. Wá kà á fún mi." Mo wo ìyàwó wọn, tó mọ̀wé ju èmi lọ, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Mo sún mọ́ Bàbá, mo tẹ̀ sí etí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n fọwọ́ gbá mi lórúnkún.

"Ta lò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún? Kà á sókè. Sọ fún wọn pé ojú mi ló fọ́, ìjọba sì mọ̀."

Mo kà á sókè títí dé ìparí.

Lọ́dún yìí, etí mi òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í di. Ọmọbìnrin tí a jọ wà lọ́fíìsì ṣàkíyèsí, ó rọra wá bá mi. "Mọ̀mí, ẹ má ṣèyọnu, èmi á máa gbé fóònù fún yín, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Mo dì mọ́ ọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, torí mo mọ inú rere tó fi sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì mi, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbàgadagba.