Ilé Tí A Kọ́ Kí Wọ́n Lè Tún Un Ṣe

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní káńsù, irọ́ kan ni mo kọ sínú ìwé ìjọba, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, àmọ́ tí ilẹ̀ bá tún mọ́ lọ́la, màá tún kọ ọ́.

Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni mo wà. Àwa là ń bójú tó ilé káńsù, afárá kéékèèké àti gọ́tà. Nígbà yẹn, ìwé àṣẹ kan ti wá láti òkè pé káńsù kò gbọdọ̀ kọ́ ilé tuntun kankan àfi tí Àkúrẹ́ bá fọwọ́ sí i. Àtúnṣe nìkan ni alága lè dá fọwọ́ sí, ìyẹn náà níwọ̀nba. N kò ní sọ pé òfin náà burú pátápátá. Ojú mi náà ti rí ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún ìdìbò, tí igbó ti bò mọ́lẹ̀ báyìí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá. Ṣùgbọ́n fáìlì tó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ, ẹ yáa kí i pé ó dìgbóṣe.

Àbúrò ìyá mi ń gbé ní abúlé oko kan lẹ́yìn Ìdáṣẹ̀n. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti bímọ kan rí. Orí ọ̀kadà ni wọ́n wà, wọn ò tíì dé Ọ̀wọ̀, nígbà tí ọmọ náà dé, ọmọ náà kò sì ké. Ní báyìí ó ti tún lóyún, ó ti di oṣù mẹ́rin. Àbúrò ìyá mi wá bá mi ní ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò fẹ́ omi, kò fẹ́ búrẹ́dì.

Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ fún wa ní nọ́ọ̀sì. Ẹyọ kan péré. N kò tún lè sin ọmọ ọwọ́ mọ́."

Mo lọ bá àwọn elétò ìlera wa. Wọ́n ní ibi tí kò bá ti sí ilé ìwòsàn, àwọn kì í rán nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Ká kọ́ ilé ńkọ́? Ó di Àkúrẹ́. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Mo fa bébà kan yọ, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà: àtúnṣe ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, igbó kòkó ló wà níbẹ̀.

Alága kà á, ó gbójú sókè. "Màdámú, ilé wo la fẹ́ tún ṣe?"

"Alága, ilé tó ń wó lọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kó yáa máa wó lọ lóòótọ́ o, torí Àkúrẹ́ ò ní jẹ́ ká ná kọ́bọ̀ kí wọ́n tó rán olùyẹ̀wò wá wò ó."

Mo gba abúlé lọ. Mo ní kí wọ́n yára fi amọ̀ kọ́ yàrá méjì, kó wọ́, kó sán káàkiri, kí wọ́n fi páànù ògbólógbòó bò ó. Àwọn àgbàlagbà wo ara wọn lójú, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀, tọkùnrin tobìnrin jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ tí olùyẹ̀wò máa dé ni mo tó rí i. Yéè! Ògiri gún régé, wọ́n ti rẹ́ ẹ, ó ń dán. Wọ́n ti lu ilẹ̀ rẹ̀ kó le. Páànù gbó lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fi ọ̀dà dí gbogbo ihò ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn tiẹ̀ ní àgádágodo.

Mo figbe ta. "Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ báyìí? Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ fẹ́ bẹ́ mi lórí ni?"

Bàbá arúgbó tó ṣáájú iṣẹ́ náà nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Ọmọ wa, má bínú. A sọ apá kan di wíwọ́, a ò rí oorun sùn, la bá tún un mọ. Ta ló máa kọ́ ilé burúkú de aboyún?"



Olùyẹ̀wò dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà òjò. Àbúrò ìyá mi pa èdè Ọ̀wọ̀ tì, ó fi Yorùbá tí a fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ kí i káàbọ̀. Ọkùnrin náà gbá ògiri, ó tẹ ilẹ̀, ó wo òkè. Ó ní, "Ìyá, ilé yìí mà le ju ọ́fíìsì wa lọ!" Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀: ilé ìwòsàn yìí wà, ó lágbára, kò nílò àtúnṣe. Bó ṣe gun ọ̀kadà lọ, àbúrò ìyá mi bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mo sì gégùn-ún fún gbogbo bébà tó wà láyé.

Oṣù kan kọjá kí ẹ̀dà ìwé náà tó dé tábìlì mi. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ sínú àpótí nígbà tí ojú mi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ yẹn: ilé ìwòsàn yìí wà. Áà! Mo fi eré gbé e lọ bá àwọn elétò ìlera. "Ẹ ní kò sílé. Ilé rèé, olùyẹ̀wò láti Àkúrẹ́ ló fọwọ́ sí i pé ó wà." Wọ́n yí bébà náà síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọn ò rí ibi bá mi jiyàn. Kí oyún náà tó pé oṣù mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì ti dé.

Ọ̀sán gangan ni ìyàwó bí ọmọbìnrin sínú ilé amọ̀ yẹn. Wọ́n ní igbe rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọ́ kòkó lóko. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú ọ́fíìsì, èmi nìkan.

Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ, mo bá pátákó tuntun kan níwájú ilé náà. Àwa káńsù ló gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Pátákó kò nílò àṣẹ Àkúrẹ́. Wọ́n kọ orúkọ alága gàdàgbà sí i, pé òun ló kọ́ ilé ìwòsàn yìí fún ará ìlú. Ìṣó kan ṣoṣo, káńsù kò fún wọn. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ pa dà sílé.

Àbúrò ìyá mi, tí kò kàwé, gbá mi lápá mú. "Kà á fún mi. Kí ni wọ́n kọ?"

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin ará abúlé yìí lẹ kọ́ ọ, pé ẹ ṣeun."

"Ẹ wá o!" Ó ti ń pe gbogbo wọn. "Ìjọba kọ orúkọ wa síbẹ̀!"

Wọ́n dé, wọ́n ń fọwọ́ pa pátákó náà. Bàbá arúgbó tó ṣáájú iṣẹ́ ṣí fìlà rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi ibi tí orúkọ tòun wà han òun.

Mo fi ìka lé orúkọ alága.