Fọ́tò Orí Mi

Ẹni tó bá sọ pé ọ̀lẹ ni mí nígbà yẹn, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló pa. Télọ̀ ni mí l'Ólódì-Àpápá, ìyàwó àwọn òṣìṣẹ́ wáàfù ni oníbàárà mi, aṣọ ọdún ò sì bá mi dọjọ́ kejì ọdún rí. Àfi ìgbà tí ọmọ tí mo bí ṣìkejì ò dúró. Ara mi kọ̀. Ilẹ̀ á mọ́, màá máa gbọ́ fèrè tírélà lójú títì, mi ò ní lè dìde. Ẹkún gan-an ò wá mọ́.

Ọkọ mi ń wa tírélà láti èbúté Tin Can lọ sókè Ọya, kì í sábà sí nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá bá mi láti Ajégúnlẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Kò sí ibà, kò sí egbò. Mo máa mú ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ mi. Àfi tí dókítà bá fi àìsàn yẹn hàn mí. Tí kò bá rí nǹkan kan, ọ̀lẹ ni."

Ọmọbìnrin mi tí wọ́n ń sọ yẹn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Òun nìkan ló kù mí kù.

Dókítà tí mo lọ bá ní ìsoríkọ́ ni. Ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí, àwọn ń ya àwòrán orí àwọn tó ní in àti àwọn tí kò ní in, káwọn lè mọ ohun tó ń yí padà nínú ọpọlọ. Mo délé, mo sọ fún ìyá mi, tí wọ́n wá ń tọ́jú mi, pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò orí mi.

Màmá mi ní, "Orí tí èèyàn yàn lọ́run ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ wò? Ó dáa. Bí wọ́n bá máa rí i, kí wọ́n bá a ní mímọ́."

Ni wọ́n bá fọ irun mi, wọ́n dì mí ní ṣùkú gàgàrà, wọ́n fi pín-ìn-nì gún un. Wọ́n lé tìróò sí mi lójú, wọ́n kùn mí ní pankéèkì, wọ́n fi yẹtí ìgbéyàwó wọn sí mi létí. Bí èmi àti màmá mi ṣe wọ ọsibítù báyìí, dókítà di ẹ̀rín mọ́nú.

"Màmá, kì í ṣe irú fọ́tò yẹn. Ọpọlọ inú rẹ̀ là ń wò. Irin kankan ò gbọdọ̀ wà lórí."

Ṣùkú náà ò tilẹ̀ jẹ́ kí n lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Màmá mi tú u lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ń pòṣé. Bí mo ṣe wọ inú ẹ̀rọ nìyẹn, pẹ̀lú irun játijàti àti pankéèkì. Ẹ̀rín pa mí níbẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí a lọ gbọ́ èsì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tẹ̀ lé mi. Dókítà ní àwọn ò rí nǹkan kan tó bàjẹ́.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí.

"Mà, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ara wọn yá. Àwòrán ẹnì kan ò lè sọ ọ́. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn la máa kó pọ̀ kí ìyàtọ̀ tó hàn, a ṣì ń wá a."

"Ẹ máa wá a lọ. Èmi ń lọ mú ọmọ."

Inú bí mi. Mo dìde.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Ìgbà wo? Ṣé kì í ṣe torí tìẹ la ṣe tètè jáde ni? Ebi ń pa mí."

"Ẹ jẹ́ kí dókítà ya fọ́tò ikùn yín. Tí ebi yẹn ò bá hàn nínú ẹ̀, irọ́ lẹ ń pa, ẹ má sì jẹun lónìí."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo dókítà. Wọ́n ní ẹnu mi ti le jù. Wọn ò dárúkọ ọmọ mọ́.

Ara mi ò yá lọ́jọ́ náà. Mo lo oògùn, ó pẹ́ kí n tó tún jókòó sídìí máṣíìnì, ọjọ́ míì sì wà tí mi ò lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi á gbé abọ́ rẹ̀ wá, á jókòó tì mí, á máa jẹun. Mi ò dìde o. Ṣùgbọ́n èmi ni ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti jẹun.