Ìgúnpá Ìyàwó

Bàbá Ẹ̀dà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà kò sì bí i nínú. Òun ló ń tọ́jú ọ̀wọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sáfà, nínú yàrá kan tó tutù débi pé kì í wọ ibẹ̀ láìwọ súwẹ́tà. Àká àgbà tí ohun gbogbo ń sùn sí wà lọ́nà jíjìn, ó sì ń falẹ̀. Nítorí náà, àwọn sáfà ìtòsí ló ń gba ẹrù, bí àwòrán àti ìwé, lọ́wọ́ oníbàárà, tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àká àgbà díẹ̀díẹ̀. Bàbá Ẹ̀dà a máa pín inú wọn sí àká kéékèèké, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

"Ẹ̀dà kì í ṣe ojúlówó," ni ó máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó wá tún fèrèsé ṣe. "Kí ẹ tó pa sáfà, ẹ wo àká àgbà fúnra rẹ̀. Ẹ má gba ojú ẹ̀rọ yín gbọ́. A máa tanni."

Ọ̀rọ̀ náà dára. Ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ń gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣègbéyàwó ní Sátidé. Onífọ́tò, tó jẹ́ oníbàárà ilé iṣẹ́ náà, kó gbogbo àwòrán sínú àká tirẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn pé òun ti gbà á, onífọ́tò sì nu àwòrán kúrò nínú kámẹ́rà de òde mìíràn. Inú sáfà ògbólógbòó kan ni àká náà wà, ọ̀gá wọn obìnrin sì ti ní kí wọ́n yọ sáfà ọ̀hún kúrò ní Mọ́ńdè.

"Ṣé ẹrù inú rẹ̀ ti dé àká àgbà?" ni ọ̀gá bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, mà."

Ó ṣí àwòrán kan. Kì í ṣe èyíkéyìí: èyí tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni, nínú kóòtù tuntun, èyí tó ti ń wò láti àárọ̀. Àwòrán náà yọ kí ó tó mí. Ó yẹ kí ìyára yẹn fu ú lára, nítorí àká tó ti ń falẹ̀ látọjọ́ tó ti dáyé kò ní torí kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ṣùgbọ́n kóòtù náà bá a mu púpọ̀.

"Ó ti dé, mà."

Ó yọ sáfà náà, ó nu inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́. Ẹni tó bá ní kò mọ́, irọ́ ló pa.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ pè é. "Dádì, onífọ́tò ní àká òun ṣófo."

"Kò lè ṣófo. Àwòrán yẹn ń bẹ níwájú mi níbí."

"Lójú ẹ̀rọ yín? Ẹ wo àká àgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Ó wò ó. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwòrán kankan kò tíì gbéra nínú sáfà ògbólógbòó nígbà tó nù ún. Èyí tó ń wò láti àárọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí ẹ̀rọ tirẹ̀ ti tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ní ti èyí tí àwọn àlejò fi fóònù yà, ìpàkọ́ ènìyàn ló pọ̀ níbẹ̀.

Ó tẹ ọ̀kan ṣoṣo náà sórí bébà, ó gbé e wálé. Ìyàwó rẹ̀ wọ dígí ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìyí. Ìyàwó dà?"

"Wo etí àwòrán lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìgúnpá rẹ̀ nìyẹn."

"Ìgúnpá!"

"Ó hàn dáadáa."

"Ó hàn. Ọmọ tí mo fi oyún gbé, tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n, ìgúnpá rẹ̀ lẹ rí gbé wálé."

Nígbà tí ọmọ náà dé, ó wo àwòrán títí. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ṣáájú.

"Dádì, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà ń sọ pé ẹ̀dà kì í ṣe ojúlówó. Èyí ti di ojúlówó o. Kò sí òmíràn."

Ìyàwó Bàbá Ẹ̀dà fi àwòrán náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Bí àlejò bá bèèrè pé ìyàwó dà, yóò pe ọkọ rẹ̀ láti yàrá. Bàbá Ẹ̀dà yóò jáde, yóò na ìka sí ìgúnpá.

"Ṣùgbọ́n kóòtù yẹn bá yín mu o, sà," ni àlejò yóò wí.

Bàbá Ẹ̀dà yóò ti padà sí yàrá.