Ọmọ Mélòó Ni Afọṣọ Náà Bí

Òórùn kọfí àti ti ẹ̀wù òtútù tí yìnyín rin ló máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé kan nítòsí ilé wa ní Country Club Hills, ní Amẹ́ríkà níbí. Èmi ò kúkú bá tìwé lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọmọ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ mi, ló fẹ́ràn ìtàn. Èmi nọ́ọ̀sì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ìjókòó lásán ni mo wá jókòó.

Lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ìyá àgbà kan láti Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, ka ìtàn kúkúrú kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sétí àwa ẹgbẹ́ òǹkàwé tó ń pàdé níbẹ̀. Nínú ìtàn náà, akọ̀wé ìjọba kan ló wá ka ènìyàn nílé obìnrin dúdú afọṣọ kan. Ó rí ọmọ mẹ́ta. Obìnrin náà ní mẹ́rin lòun bí, pé ibà ló pa ọ̀kan kó tó hu eyín. Akọ̀wé kọ mẹ́ta. Ni afọṣọ bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní akọ̀wé ò níí jáde àfi tó bá kọ mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ìbànújẹ́ ló dà á lọ́kàn rú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń darí wa, wá kọjú sí mi, ó ní ìyá ọmọ lèmi náà, ọmọ mélòó ni mo ní? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Inú wọn dùn sí i, ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń sá sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìyá àgbà wò mí. "Afọṣọ ò ka ọmọ ẹlòmíì. Tirẹ̀ ló kà."

N ò mọ ohun tó ṣí mi lẹ́nu. Mo ní, "Méjì ni." Ọmọ mi gbójú sókè.

Ìlọrin ni mo bí àkọ́bí mi sí. A sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Wọn ò jẹ́ kí n mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, àwọn àgbà sì ní kí n má dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí òmíràn lè wá jókòó. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Nínú mọ́tò, ọmọ mi kọjú sí fèrèsé títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo rò pé ó ń bínú pé mo ti gba ipò àkọ́bí lọ́wọ́ òun. Ó wá bi mí, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí Amẹ́ríkà ti tẹ́ pẹrẹsẹ: "Mọ́mì, kí ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. "Àmínátù," ni mo wí, omi sì bọ́ lójú mi.

Mo ti máa ń rò pé ìbànújẹ́ tèmi nìkan ni mo ń fi pamọ́. N ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọmọ mi ni mo fi ń dù ú.