Ọjọ́ Tí Àwa Tá À Ń Rán Aṣọ Àga Ọkọ̀ Gbé Ọwọ́ Lé Itan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kàwé mọ kí wọ́n tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ṣàgámù. Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń kọ sínú ìwé kò ju ìwọ̀n àyà àti ìdí oníbàárà lọ. Sister Dúpẹ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n kọ ọ́, torí ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ibi iṣẹ́ wa ń béèrè ìdí tá a fi máa ń fi pépà dìbò, tí a kì í nawọ́ sókè. Mo sọ fún un pé òun ló mọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun kọ́ lòun kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé itan.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ àmọ́ tí afẹ́fẹ́ odò Thames ṣì ń ta ni létí. Ibi tá a wà nígbà náà la ṣì wà lónìí, lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Thamesmead East, ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin mọ́kànlélógún ni wá, Yorùbá ni gbogbo wa, a sì ń rán aṣọ àga fún àwọn fáànù akẹ́rù ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló gbà wá síṣẹ́ o. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà wá. Ní aago méjì ọ̀sán, ọkọ̀ ẹrù á wá kó ohun tá a rán, á gbé e kọjá sódìkejì odò, wọn á sì wọ̀ ọ́ fún àga lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn kì í tọ́jú ìkankan pa mọ́ de ọ̀la.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àmì ọkọ̀ náà lára páálí, orí mi wú. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi, irú ọkọ̀ yẹn ló sì ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa níwájú bàbá mi. Ó máa ń sọ pé òyìnbó tó ṣe é ò fi irin tan ẹnikẹ́ni jẹ. Mo fi fọ́tò àmì náà ránṣẹ́ sí i. Ó fi hàn gbogbo àdúgbò.

Ohun tí mi ò fi ránṣẹ́ sí i ni ìwé iṣẹ́ mi. Wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa pé òṣìṣẹ́ aláìmọṣẹ́ ni. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́. Àwọn míì láàárín wa ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó sídìí iṣẹ́ yìí mọ ojú rírán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tó gbọ́dọ̀ le tó láti gbé èèyàn, tó sì gbọ́dọ̀ rọ̀ tó láti ya kíá tí àpò afẹ́fẹ́ bá fẹ́ bú jáde lọ́jọ́ ìjàǹbá. Tí ojú abẹ́rẹ́ bá pọ̀ jù níbẹ̀, kò ní ya, èèyàn lè kú. Iṣẹ́ aláìmọṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń pinnu ohun tí wọ́n ń san fún wa, òun náà ni ibòmíràn á kà kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á gbà wá.

A yọ àwọn ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe náà lẹ́nu títí wọ́n fi ní àwọn á gbọ́ wa lọ́jọ́ Monday tó ń bọ̀, kí a yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa gbẹnu sọ fún wa. Orúkọ méjì ló jáde: Mummy Ọlátúndé àti Sister Dúpẹ́.

Mummy Ọlátúndé ló ń bójú tó wa nídìí iṣẹ́. Òun ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ tí ọ̀pọ̀ wa ń lọ ní Woolwich, òun náà ló sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú wa wọlé síbi iṣẹ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù ara rẹ̀ ló bọ́ fún mi. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló mọ ohun tó máa lọ sọ lọ́jọ́ Monday, torí ó ti ń sọ ọ́: pé ká dúpẹ́ pé a ríṣẹ́, ká má mú òyìnbó bínú. Sister Dúpẹ́ ní tirẹ̀ máa sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Kí ọjọ́ ìbò tó pé, ó kéré tán, èèyàn mẹ́tàlá ló ti sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé òun làwọn ń tẹ̀ lé. Mo wà lára wọn.

Lọ́jọ́ Tuesday tó ṣáájú Monday yẹn, Kọ́lìn, òyìnbó tó jẹ́ máníjà wa, kó wa jọ sídìí tábìlì tíì. Mummy dúró níwájú, ó di ọwọ́ méjèèjì mú síwájú ikùn, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́lìn ní kí ẹni tó bá fẹ́ Mummy nawọ́ sókè.

Ojú mi àti ojú Mummy pàdé. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lókè.

Ọwọ́ gbogbo wa ló lọ sókè. Sister Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ gbé tirẹ̀ dé etí, ó wá fi họ irun, títí dòní kò sì tíì jẹ́wọ́ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan máa ń sọ fún yín pé wọ́n jí ìbò wa lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó jí i. Àwa la fà á lé e lọ́wọ́, torí pé kò sí ọ̀kan nínú wa tí wọ́n tọ́ dàgbà láti dúró níwájú ìyá àgbàlagbà, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ fún un pé òun ò fẹ́ ẹ.

Sister Dúpẹ́ ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Folúkẹ́, ọwọ́ ta ni mo rí lókè yẹn?"

"Tèmi ni, Sister."

"Kí ló dé tó ò fi ẹsẹ̀ kún un?"

Mo lọ jókòó níta, níbi tí Uncle Kúnlé ti ń kẹ́rù sọ́kọ̀. Uncle Kúnlé ni awakọ̀ tó máa ń wá kó iṣẹ́ wa. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti bá ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà yẹn ṣiṣẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó bi mí pé ta ló kú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó tì mí.

Ó ní ìtàn ilé iṣẹ́ yẹn tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, ìdajì rẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé òyìnbó tó dá a sílẹ̀ ló jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lọ bá òṣìṣẹ́, dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn lọ bá ọkọ̀, débi pé ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ju wákàtí méjìlá tò wá ń parí láàárín bíi wákàtí kan àbọ̀. Òótọ́ ni pé ó fi kún owó òṣìṣẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fi kún un, gbogbo ayé sì yìn ín. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ yúníọ̀nù sétí, àwọn tó sì lọ pín ìwé yúníọ̀nù lẹ́nu géètì rẹ̀ jìyà, wọ́n lù wọ́n ni. Ó wá tọ́ka sódìkejì odò. Ó ní níbẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi pàápàá, àwọn obìnrin òyìnbó ń rán àga bí a ṣe ń rán an yìí. Wọ́n pe tiwọn náà ní iṣẹ́ aláìmọṣẹ́. Wọ́n dìde kúrò nídìí máṣíìnì. Nígbà tí àga tán, gbogbo ilé iṣẹ́ dákẹ́.

"Wọ́n wá gbà fún wọn?" ni mo bi í.

"Wọ́n fi kún owó wọn. Àmọ́ kí wọ́n tó pè wọ́n ní ẹni tó mọṣẹ́, ó gba ọdún púpọ̀ sí i, wọ́n sì tún ní láti dìde lẹ́ẹ̀kejì." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Fáànù tí kò ní àga kò ṣeé tà, Folúkẹ́. Lọ rò ó."

Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Wednesday. Mo há gbólóhùn mẹ́ta sórí lédè òyìnbó. Nígbà tí mo dúró síwájú Kọ́lìn, ọ̀kan péré ló jáde lẹ́nu mi: pé a fẹ́ tún ìbò náà dì, nínú pépà, kí ẹnikẹ́ni má rí ti ẹnikẹ́ni.

Ó ní ojú òun ni gbogbo wa ṣe nawọ́. Ó tọ́ka sí fọ́tò ọkọ̀ dúdú àtijọ́ tó wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lórúkọ ló ń dúró de iṣẹ́ wa, kì í dúró de ìjà àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ó ṣeun. Mo padà sídìí máṣíìnì mi. Mo pa á. Mo gbé ọwọ́ mi lé itan.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìwé ìgbélùú ọkọ mi ni mo fi wà nílùú, mo sì ń rò pé wọ́n á lé mi níṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo gbọ́ tí máṣíìnì Sister Dúpẹ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, méjì lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà, mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Máṣíìnì tó kù tó ń dún kò ju márùn-ún lọ, àwọn náà sì ń dún bí ẹni tí ojú ń tì.

Mummy wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò pariwo.

"Folúkẹ́, ta ló mú ẹ wá síbí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló fún ẹ ní kóòtù?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Tan máṣíìnì ẹ."

"Mi ò lè tàn án, mà. Ẹ má bínú."

Mo tẹ orí ba, àmọ́ ọwọ́ mi ò kúrò lórí itan.

Nígbà tí aago méjì lù, Uncle Kúnlé gbé ọkọ̀ dé, ohun tó rí kó ò tó nǹkan. Kọ́lìn ní kó gbé ìwọ̀nba tó wà lọ. Uncle ní òun kì í gbé ọkọ̀ òfìfo kọjá odò. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀. Fóònù ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́. Kí aago mẹ́ta tó lù, Kọ́lìn fúnra rẹ̀ ló gé pépà sí wẹ́wẹ́, ó tú ìdì owú kúrò nínú páálí kan, ó gbé páálí náà sórí tábìlì tíì. A tò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Sister Dúpẹ́ ní mẹ́rìnlá, Mummy ní méje. A tan máṣíìnì padà, a sì rán èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tá a jèrè gan-an. A jèrè ìbò pépà. Sister Dúpẹ́ wọlé lọ́jọ́ Monday pẹ̀lú ìwé pé kí wọ́n pè wá ní ẹni tó mọṣẹ́, èyí tí gbogbo wa mọ́kànlélógún fọwọ́ sí, ẹyọ kan ò yọ sílẹ̀, kò sì rọrùn fún wọn láti sọ pé àwọn aláriwo mélòó kan ni. Ó gba oṣù mélòó kan, àmọ́ wọ́n yí ọ̀rọ̀ aláìmọṣẹ́ yẹn padà fún ẹni tó bá ti lo ọdún méjì. A wọ yúníọ̀nù. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó ṣe irú ohun tá a ṣe, torí òfin ò gbè wá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n lè lé gbogbo wa.

Ẹni tí wọ́n rí lé ni Uncle Kúnlé. Oṣù yẹn ò parí tí wọ́n fi fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ rẹ̀. Tá a bá pàdé ní Thamesmead Town Centre, ó máa ń fi ṣe àwàdà. Èmi ò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, aláìmọṣẹ́ ni wọ́n ṣì kọ síwájú orúkọ tiyín. Ìyẹn ni wọ́n ṣì jẹ wá, a ò sì tíì jókòó. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà yẹn ò mọ̀ pé a wà láyé. Mo ṣì fẹ́ràn ọkọ̀ wọn. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ń ròyìn òkìkí rẹ̀ létí mi, mo máa ń béèrè ẹni tó rán àga.

Ó ku bí orúkọ kọkànlélógún ṣe dórí ìwé yẹn. Láàárọ̀ Thursday, ọjọ́ kejì ìbò, mo dé ibi iṣẹ́ ṣáájú àwọn tó kù. Mummy nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń ki owú bọ abẹ́rẹ́. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, ogún èèyàn ti fọwọ́ sí i kí a tó túká lọ́jọ́ ìbò. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó ń ki owú rẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé mo ti wo orúkọ tirẹ̀ náà nínú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ wa ni wọ́n kọ síwájú tirẹ̀, òun tó ti ń ránṣọ fún ogójì ọdún. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí i pẹ̀lú bírò. Kò wò mí. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ yẹn tutù. Mi ò dìde. Mo gbọ́ tí àwọn yòókù ń wọlé, tí wọ́n rí wa, tí wọ́n dúró. Mo wà lórí eékún mi síbẹ̀ títí tó fi gba bírò náà.